Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ Tó Bá Gbọ́n: Ìdílé Lásìkò Ogun Nínú Sinimá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ kò lè sáré. Nígbà tí ariwo ogun bá bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ líle ń gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, ibi tó jókòó sí ni ogun yóò ti bá a. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá ti ta sí i létí ṣáájú, tó sì gbọ́n, yóò ti wọ́ dé abúlé tí ogun kò ní gbà kọjá kí ọjọ́ tó pé. Ohun mẹ́ta ni òwe náà kó pọ̀ sójú kan: ìròyìn tó tètè dé, ọgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ, àti ibi tó ṣeé sá sí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òwe náà kò ṣẹ mọ́.

Lásìkò ogun, ìdílé gan-an ni arọ. Ọmọ ogun lè ká àgọ́ rẹ̀ kó sì bọ́ sọ́nà lóru ọjọ́ kan. Ìdílé ní ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, aboyún, ọmọ ọwọ́, ìkòkò, àpótí aṣọ àti ewúrẹ́. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà, ni àwọn tó ń ṣe sinimá ti ń gbé kámẹ́rà wọn wọnú irú ilé bẹ́ẹ̀ láti wo ohun tí ogun ń ṣe níbẹ̀. Bí a bá fi ohun mẹ́ta inú òwe yìí yẹ àwọn sinimá náà wò, yóò hàn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe rí ogun, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ fún ìdílé.

Ọ̀nà tí ogun ń gbà wọlé

Sinimá ogun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí ìbọn ti ń ró, tí ọmọ ogun ń rákò nínú ẹrẹ̀, tí ọ̀gágun ń nàka sí àwòrán ilẹ̀. Nínú sinimá ìdílé, ojú ogun kì í sábà hàn. Ìró ni ogun kọ́kọ́ fi ń wọlé: fèrè ìkìlọ̀ tó ń ké lóru, ọkọ̀ òfurufú tó ń kùn lókè òrùlé, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò hàn lára ohun èlò ilé. Ìrẹsì ń lọ sílẹ̀ nínú agolo, aṣọ ìyá ń kúrò nínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, àga bàbá ṣófo. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni òǹwòran fi ń mọ bí ogun ti dé tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Since You Went Away, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1944, fi ọ̀nà yìí hàn gbangba. David O. Selznick ló gbé e jáde, John Cromwell sì ni olùdarí rẹ̀. Àga bàbá tó ṣófo àti ajá rẹ̀ tó ń retí rẹ̀ ni kámẹ́rà kọ́kọ́ wò. Bàbá náà ti lọ sójú ogun, kò sì yọjú rárá títí sinimá fi parí; fọ́tò rẹ̀ nìkan ni òǹwòran ń rí. Ìyàwó rẹ̀, tí Claudette Colbert ṣe, gba ayálégbé sínú ilé kí owó lè tó ná, ó sì kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá lójú ogun, inú lẹ́tà àti wáyà ni ìdílé ti ń gbọ́ ọ.

Owó jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí ọ̀nà yìí fi wọ́pọ̀. Yíya ojú ogun gba ọkọ̀, aṣọ ológun, ohun ìbúgbàù àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, yàrá ìdáná kan kò sì ná ìdajì ìyẹn. Ìdí tó jinlẹ̀ jù ni pé ohun tí ènìyàn ti ṣe rí ló máa ń yé e. Àwọn tó yìnbọn rí kò pọ̀ láàárín òǹwòran, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹwòran ló ti fún ọmọ lóúnjẹ rí tàbí dúró de ẹni tó pẹ́ lóde.

Ìdílé tó gbọ́, tó sì múra

Mrs. Miniver ni sinimá tó sún mọ́ òwe náà jù. William Wyler ló darí rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ MGM ní Hollywood, ó sì jáde lọ́dún 1942. Ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan tó rí jájẹ ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1939, wàhálà ilé wọn kò ju pé ìyàwó ra fìlà olówó ńlá, ọkọ pẹ̀lú ra mọ́tò tuntun, tí kálukú sì ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ẹnì kejì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbọ́ pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni wọ́n ti ń múra. Ọkọ wa ọkọ̀ ojú omi kékeré rẹ̀ lọ láti bá wọn kó ọmọ ogun kúrò ní Dunkirk. Ìyàwó bá atukọ̀ òfurufú Jámánì tó fara gbọgbẹ́ pàdé lẹ́yìn ilé; ó fún un ní oúnjẹ àti mílíìkì mu, ó gba ìbọn rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ibi tí agbára sinimá náà wà ni òru tí ìdílé náà lò nínú ihò ìsádi tó wà nínú ọgbà wọn. Irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Láti oṣù kejì ọdún 1939, oṣù bíi méje kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pín páànù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ fáwọn aráàlú. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á ri páànù náà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì da iyẹ̀pẹ̀ bò ó lórí. Nínú sinimá, ọmọ méjì ti sùn, ìyá ń hun aṣọ, òun àti ọkọ ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìtàn àwọn ọmọdé. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wọn, ohùn wọn kò sì yí padà, títí ilẹ̀ fi mì, tí àwọn ọmọ jí pẹ̀lú igbe, tí ìyá àti bàbá sì dì mọ́ wọn. Kò sí ọ̀tá kankan tó hàn lójú ìran yẹn, síbẹ̀ ẹ̀rù ogun hàn níbẹ̀ ju ibi tí ìbọn ti ń ró lọ.

Sinimá yìí ní iṣẹ́ kan tí wọ́n rán an. Oṣù kọkànlá ọdún 1941 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì bọ́ sínú ogun náà, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà rí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí ará ilé tí ọ̀tá ń dà láàmú. Nígbà tó jáde, Ààrẹ Roosevelt fẹ́ràn ìwàásù tó wà ní ìparí rẹ̀ débi pé ó ní kí wọ́n tàn án kálẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́fà ló gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an yìí ló mú kó gba òwe náà gbọ́ pátápátá: ìròyìn dé lákòókò, ìdílé gbọ́n, ilé wọn ní ọgbà tó gba ihò. Síbẹ̀ sinimá náà kò parọ́ pé ìmúra gba gbogbo ènìyàn là. Ọmọkùnrin wọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù ikú rẹ̀, kò kú. Ìyàwó rẹ̀ tuntun ni ọta ìbọn bá nínú mọ́tò, orí ilẹ̀ ilé ni ó sì kú sí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Níbi tí ìjọba kò ti pín páànù fún ẹnikẹ́ni, oúnjẹ ni sinimá fi ń ka ọjọ́ ogun. Rome, Open City ti Roberto Rossellini, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ní oṣù kìíní ọdún 1945 nígbà tí ogun ṣì ń jà ní àríwá Ítálì, gbé àwọn obìnrin àdúgbò tó ń já ilé búrẹ́dì síwájú òǹwòran. Pina, aboyún kan tí Anna Magnani ṣe, gbé búrẹ́dì tirẹ̀ jáde láàárín wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Jámánì yí ilé ká, wọ́n sì kó ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Pina já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà, ó ń pe orúkọ ọkùnrin rẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún un láàárín títì, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré sì ṣubú lé e. Láti ilé búrẹ́dì dé ojú títì yẹn, ọ̀rọ̀ ilé kan náà ni.

Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ọmọ ogun Faransé nígbà ogun Hítílà, mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé Áfíríkà nínú Emitaï, tó jáde lọ́dún 1971. Abúlé àwọn Jola ní Casamance ni ìtàn náà ti wáyé. Àwọn aláṣẹ Faransé ti kọ́kọ́ fi ipá kó ọ̀dọ́kùnrin wọn lọ sógun tí kò kan baba ńlá wọn. Wọ́n tún padà wá fún ìrẹsì. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni ìrẹsì náà, òun sì ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà. Nígbà tí àwọn àgbààgbà ń jíròrò ohun tí òrìṣà fẹ́, àwọn obìnrin ti kó ìrẹsì pamọ́. Àwọn ọmọ ogun kó àwọn obìnrin náà jókòó sínú oòrùn lábẹ́ ìbọn, síbẹ̀ wọn kò sọ ibi tí ìrẹsì wà. Òṣèlú ogun ńlá tí ọ̀gá rẹ̀ wà ní Yúróòpù wá di ọ̀rọ̀ ta ló ni àká.

Ṣùgbọ́n sinimá tó wo oúnjẹ láwòfín jù lọ ni Grave of the Fireflies, èyí tí Isao Takahata fi àwòrán yíyà ṣe ní ilé iṣẹ́ Studio Ghibli ní Jàpáánì lọ́dún 1988. Inú ìtàn tí Akiyuki Nosaka kọ lọ́dún 1967 ló ti jáde; Nosaka fúnra rẹ̀ pàdánù àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ́wọ́ ebi nígbà ogun náà. Seita, ọmọ ọdún 14, àti Setsuko, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, ń gbé ní ìlú Kobe. Bàbá wọn wà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Kí bọ́ǹbù iná tó wá jó ìlú náà lọ́dún 1945, Seita ti ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọmọ tó gbọ́ ìkìlọ̀ tó sì lo ọgbọ́n ni. Ìyá wọn jóná, ó kú. Seita padà lọ hú oúnjẹ náà, ó kó o lọ sọ́dọ̀ ìbátan bàbá wọn kan, èyí tí wọ́n ń pè ní àǹtí.

Ibi tí òwe náà ti fọ́ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àǹtí gba wọn tayọ̀tayọ̀. Oúnjẹ wọn ń tán, ohùn rẹ̀ ń le sí i. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ kimono ìyá wọn ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìrẹsì. Setsuko rí i tí wọ́n ń kó aṣọ náà lọ, ó sì figbe ta. Nígbà tí ọbẹ̀ ìrẹsì délẹ̀, àǹtí ki ṣíbí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò fún ọmọ rẹ̀ àti ayálégbé rẹ̀, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ fún ìlú. Omi orí rẹ̀ ló bù fún àwọn ọmọ òrukàn. Kò lù wọ́n, kò lé wọn. Ṣíbí yẹn nìkan ló fi sọ ipò wọn fún wọn. Seita kò lè fara dà á, ó kó àbúrò rẹ̀ lọ sínú ihò ìsádi àlòkù kan létí adágún.

Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́, Takahata sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Setsuko ní agolo súìtì kan. Nígbà tí súìtì tán, Seita bu omi sínú agolo náà, ó mì í, kí àbúrò rẹ̀ lè mu adùn tó kù. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń lá gíláàsì ìṣeré wẹ́wẹ́ bíi súìtì, ó sì fi ẹrẹ̀ mọ oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní oúnjẹ ni kó jẹ, kò sì sọ ibi tí yóò ti rí i. Owó wà lórúkọ ìyá wọn ní báńkì. Ọjọ́ tí Seita lọ gba èyí tó kù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Jàpáánì ti túúbá. Gbogbo ìlú ti gbọ́, kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó ra oúnjẹ délé, Setsuko kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ọgbọ́n kò wọ́n ọmọ yìí. Ohun tó wọ́n ọn ni ilé tí yóò gbà á, àti ìròyìn tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi nígbà tó ti pẹ́.

In This Corner of the World, tí Sunao Katabuchi darí lọ́dún 2016, jẹ́ sinimá àwòrán yíyà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìdílé tó kún ni tirẹ̀. Suzu, ọmọ Hiroshima, lọ sílé ọkọ ní Kure, ìlú tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Òǹwòran rí i bó ṣe ń ja ewéko etí ọ̀nà sí ọbẹ̀, bó ṣe ń wá ọgbọ́n kí ìrẹsì díẹ̀ lè wú kún abọ́, bó ṣe ń rán kimono sí ṣòkòtò iṣẹ́. Ó pẹ́ kí bọ́ǹbù tó dé. Bó ṣe dé, bọ́ǹbù kan tó ti wà nílẹ̀ láìbú bú nígbà tí Suzu ń fa ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́: ọmọ náà kú, ọwọ́ ọ̀tún tó fi dì í mú, tó sì fi ń yàwòrán, gé lọ. Lẹ́yìn ogun, òun àti ọkọ rẹ̀ mú ọmọ òrukàn kan bọ̀ láti Hiroshima. Èyí ni ohun tí àǹtí Seita kò lè ṣe, sinimá náà kò sì sọ pé ó rọrùn.

Ojú ọmọdé

Bí ọmọdé kò ṣe mọ oògùn tó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ogun. John Boorman gbé sinimá rẹ̀ Hope and Glory, ti ọdún 1987, ka orí àìmọ̀ yìí. Ìgbà èwe tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ bọ́ǹbù Jámánì ló fi ṣe ìtàn náà. Lójú ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀, àwókù ilé jẹ́ ibi ìṣeré, àfọ́kù bọ́ǹbù jẹ́ ohun tí ọmọkùnrin fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́. Bàbá gba ìsinmi wálé pẹ̀lú agolo jáàmù àwọn ará Jámánì, gbogbo ìdílé dúró yí i ká, ìyá ń bẹ̀rù pé wọ́n ti fi májèlé sí i. Ilé wọn jó, ṣùgbọ́n iná lásán ló jó o, kì í ṣe bọ́ǹbù. Bọ́ǹbù bọ́ sínú odò Thames, ẹja léfòó, àwọn ọmọ kó o lọ sílé bàbá àgbà. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ìwé tí wọ́n bá a tó ti wó, ariwo ayọ̀ ni àwọn ọmọ pa.

Ìdí tí àwọn ọmọ yìí fi lè rẹ́rìn-ín ni pé ohun kẹta inú òwe náà wà fún wọn: ilé bàbá àgbà létí odò. Bashu, the Little Stranger ti Bahram Beyzai, tí wọ́n ṣe ní Ìránì láàárín ogun orílẹ̀-èdè náà àti Ìráàkì, béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Bọ́ǹbù pa òbí Bashu ní gúúsù. Ó sá wọnú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní àríwá, ní ilẹ̀ olóko ìrẹsì tí àwọ̀ àti èdè wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi ló rí i. Ó fún un lóúnjẹ láìgbọ́ èdè rẹ̀, ó sì dá aládùúgbò tó ń fi ọmọ náà ṣẹ̀sín lóhùn. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọkọ pé kó má fi oúnjẹ ilé bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò gbà. Nígbà tí ọkọ fúnra rẹ̀ dé, apá rẹ̀ kan ti gé. Ibi ìsádi tí ìlú kò pèsè, obìnrin kan ló fi àṣẹ ìdáná rẹ̀ pèsè rẹ̀.

Àwọn tó ń dúró

Àwọn olùdarí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì mú ìdúródeni bí ìṣẹ́ ogun mìíràn. Nínú The Cranes Are Flying ti Mikhail Kalatozov, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes lọ́dún 1958, ọmọbìnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn ilé wọn lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí yàrá lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, kò sí bàbá, kò sí ìyá.

Ballad of a Soldier ti Grigory Chukhrai, ti ọdún 1959, fi ọṣẹ méjì ṣe ìwọ̀n ìṣòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣe akin lójú ogun ní òun kò fẹ́ àmì ẹ̀yẹ, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ tún òrùlé ìyá òun ṣe. Lójú ọ̀nà, ọmọ ogun kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun mú ọṣẹ fún ìyàwó òun. Ọṣẹ méjì yìí ni gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wọn ní. Ó dé ilé náà, ó bá ọkùnrin mìíràn níbẹ̀. Ó fi ọṣẹ sílẹ̀, ó jáde, ó tún padà wọlé gba ọṣẹ náà, ó sì lọ fi í fún bàbá ọmọ ogun yẹn tó ń ṣàìsàn láàárín àwọn ogúnléndé, ó ní ara ọmọ yín le. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tán sí ojú ọ̀nà nínú irú iṣẹ́ báyìí. Nígbà tó dé abúlé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù; ó di mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì padà. Òǹwòran ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò ní bọ̀ mọ́.

Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Sinimá tó mú un wọnú ilé jù lọ ni Half of a Yellow Sun, tó jáde lọ́dún 2013 láti inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie ti ọdún 2006. Ọmọ Yorùbá ni olùdarí rẹ̀, Biyi Bandele, tí wọ́n bí ní Kafanchan lọ́dún 1967 tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì jagun Burma. Calabar àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti ya á.

Ilé olùkọ́ yunifásítì kan ní Nsukka ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Odenigbo àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń mutí, wọ́n ń jiyàn òṣèlú lórí àga tìmùtìmù, Ugwu ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé àwo wọlé gbé e jáde. Ìkìlọ̀ kò wọ́n wọn: rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn ní àríwá lọ́dún 1966. Pápákọ̀ òfurufú Kano ni ọ̀kan lára ìran tó le jù ti wáyé, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń yan àwọn Igbo jáde láàárín èrò tí wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí ogun dé Nsukka, ìdílé náà kó ẹrù bí ẹni tí yóò padà láìpẹ́. Láti ilé ńlá, wọ́n bọ́ sí ilé kékeré, ọjà ń wọ́n, ọkùnrin tó ń jiyàn lánàá ń sá wọ kòtò. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Odenigbo àti Olanna, olólùfẹ́ rẹ̀, bọ́ǹbù tú àwọn àlejò ká láàárín ijó, àwọn tó wọ aṣọ ẹyẹ ń rákò lórí ilẹ̀. Wọ́n mú Ugwu lọ sógun. Kainene, ìbejì Olanna, ń ṣe àkóso àgọ́ ogúnléndé; oúnjẹ wọ́n, ó kọjá ààlà ogun lọ rajà, kò padà wá.

Èyí yàtọ̀ sí ikú tí òǹwòran fojú rí. Kò sí òkú, kò sí ìsìnkú, ìdílé kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ tàbí kí wọ́n máa wọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣì gbóná lọ́wọ́ ìjọba ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà: ní oṣù kẹrin ọdún 2014 tó yẹ kí sinimá náà jáde ní Nàìjíríà, àjọ tó ń yẹ sinimá wò dá a dúró, oṣù kẹjọ ló tó dé gbọ̀ngàn sinimá.

Iṣẹ́ ìkẹyìn Bandele, Ẹlẹ́ṣin Ọba, tó jáde lọ́dún 2022 ní èdè Yorùbá lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi bí ogun òkèèrè ṣe ń kan ilé ní Ọ̀yọ́ hàn. Wọlé Ṣóyínká, tó kọ eré orí ìtàgé tí sinimá náà ti jáde, ti gbé ìtàn rẹ̀ sí àsìkò ogun Hítílà. Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti rí àwọn tí ogun ṣe léṣe. Nígbà tí aláwọ̀ funfun ní ikú tí àṣà ní kí Ẹlẹ́ṣin kú tẹ̀lé ọba kò bójú mu, ọmọ náà ti rí iye ènìyàn tí wọ́n ń rán lọ kú nílẹ̀ tiwọn.

Nígbà tí ogun parí

Òwe náà dúró síbi tí arọ ti là. Sinimá tẹ̀ síwájú díẹ̀. The Best Years of Our Lives, tí William Wyler kan náà darí lọ́dún 1946 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ológun, tẹ̀lé ọkùnrin mẹ́ta tó padà sílé. Bàbá kan bá ọmọ tó ti dàgbà láìsí òun. Ẹnì kejì bá ìyàwó tí kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ láìsí aṣọ ológun. Ẹnì kẹta, Homer, kò ní ọwọ́ méjèèjì mọ́, irin ló fi rọ́pò wọn. Harold Russell tó ṣe é pàdánù ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́ nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun. Lóru ọjọ́ kan, Homer mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọ yàrá, ó bọ́ irin náà lójú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé láti ìsinsìnyí lọ òun kò lè ṣílẹ̀kùn, òun kò lè mu sìgá, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ fún òun láàárọ̀. Ọmọbìnrin náà dé bọ́tìnnì aṣọ sùn rẹ̀ fún un, ó sì bò ó láṣọ. Ẹni tó fẹsẹ̀ líle lọ sógun ló di ẹni tí ilé ń gbé.

Sinimá ogun Yorùbá

Ilẹ̀ Yorùbá ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ ogun bí ẹni mọ ojú. Ogun Ìjàyè jà láti 1860 dé 1862, ebi sì jẹ́ ohun ìjà nínú rẹ̀ bíi ti ìbọn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, wọn kò sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà títí di 1886. Òwe arọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gbé ayé nígbà náà. Sinimá tó ń sọ ìtàn irú àsìkò bẹ́ẹ̀, bíi Jagun Jagun tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde lórí Netflix lọ́dún 2023, jagunjagun ló ń tẹ̀lé: oògùn, ìgboyà, ìkọ́ṣẹ́ ogun, ìwà ìkà alágbára. Ilé tó wó ló ń bí ìbínú akọni, lẹ́yìn náà ìtàn á gbé ojú kúrò nílé lọ sí àgọ́. Àṣà eré ìtàn wa ló fà á, nítorí oríkì akọni àti ìdán ni òǹwòran ń retí. Ohun tó wà nílẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ lè fi ṣe sinimá kò kéré: ìdáná Ìjàyè lọ́dún 1861, ìyàwó ológun Ìbàdàn nígbà tí ọkọ wà ní àgọ́ Kírìjì láti ọdún dé ọdún, ọmọ tí ogun kó tí ìyá rẹ̀ ń béèrè rẹ̀ lọ́jà.

Bí a bá kó gbogbo sinimá wọ̀nyí jọ síwájú òwe náà, ohun kan hàn. Ọgbọ́n kò wọ́n ìdílé níbì kankan. Seita ri oúnjẹ mọ́lẹ̀, Suzu wú ìrẹsì, àwọn obìnrin Casamance kó ìrẹsì pamọ́, Kainene mọ ọ̀nà ọjà. Ohun tó wọ́n ni ìròyìn òótọ́ tó dé lákòókò àti ibi tó ṣeé sá sí, àwọn méjèèjì kò sì sí lọ́wọ́ ìdílé: ọwọ́ ìjọba, ọwọ́ ará àdúgbò àti ọwọ́ ìbátan ni wọ́n wà. Níbi tí àwọn wọ̀nyí ti ṣe ojúṣe wọn, arọ là, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí. Níbi tí wọn kò ti ṣe é, a kò lè fi ikú rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò gbọ́n.